Kọ̀ǹténà Tí Akóredé Pa Tí Kò Kú

Alágídí ni Akóredé. Bí ẹ bá ní kó yà sọ́tùn-ún, òsì ló máa gbà, á sì máa ṣàlàyé fún yín ìdí tí òsì fi dára jù.

Ẹ̀gbẹ́dá ló ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Àǹtí Ọmọ́wùnmí. Áàpù tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe, inú kọ̀ǹténà tirẹ̀, ìyẹn bí àpótí tó dá dúró, ló ń gbé nínú kọ̀ǹpútà. Ọgbà kan náà ni wọ́n kó gbogbo kọ̀ǹténà wọn sí. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní alábòójútó ń ṣọ́ wọn níbẹ̀: bí ọ̀kan bá kú, á gbé òmíràn dìde lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wá yan òṣìṣẹ́ láàárín wọn, Akóredé fẹ́ pa kọ̀ǹténà rẹ̀ àtijọ́ rẹ́, kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Ó pa á. Ó tún dìde. Ó tún pa á. Ó tún dìde.

"Èmi lò ń bá ṣagídí?" ló bi kọ̀ǹpútà.

Ganiyat tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. "O ti pàdé ẹgbẹ́ ẹ! Béèrè lọ́wọ́ Àǹtí jàre."

"Torí ẹ̀rọ? Láéláé!"

Àǹtí gbọ́. "Akóredé, àṣẹ tí ìwọ fúnra ẹ kọ fún alábòójútó ló ń gbé e dìde. Yí àṣẹ yẹn padà. Má pa nǹkan kan mọ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, mà. Màá hú gbòǹgbò ẹ̀."

Bí inú bá bí wa sí eku, a kì í torí ẹ̀ dáná sun ilé. Akóredé sun ún. Ó rí àṣẹ kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń pa odindi ọgbà rẹ́, ló bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

"Ó kú! Kó tún dìde ká rí i!"

Kò dìde. Àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà Ganiyat àti tàwọn yòókù náà ti ṣófo.

"Akóredé," ohùn Ganiyat lọ sílẹ̀, "tèmi ńkọ́?"

Àlejò ilé iṣẹ́ náà ti wọlé. "Ṣé wọn ò kìlọ̀ fún ẹ ni?" ló bi Akóredé.

"Wọ́n kìlọ̀, sà. Mo fẹ́ fi hàn án pé èmi lọ̀gá ni."

"Ta lo fẹ́ fi hàn?"

Akóredé nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Àlejò yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má tíì lọ, sà," ni Ganiyat wí. "Iṣẹ́ mi ti lọ. Ọpọlọ mi ò tíì lọ." Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó tún áàpù rẹ̀ kọ níṣojú wọn. Òun ni ilé iṣẹ́ náà yàn.

Àǹtí Ọmọ́wùnmí na ọwọ́ sí ìta. "Akóredé, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́."

Akóredé gbé báàgì rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ó ṣì ń kùn: "Ṣebí ó kú? Ó kú náà ni."

Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Agídí fúnra rẹ̀ kọ́ ló burú. Ganiyat náà lágídí, àmọ́ iṣẹ́ ló fi tirẹ̀ ṣe. Agídí tí kì í gba ìkìlọ̀ ló ń ba ti ẹni jẹ́, tó ń ba ti aládùúgbò jẹ́ mọ́ ọn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ tó pa ohun tó ń dìde, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ nípa ohun tó ń gbé e dìde.