Suliat Ni, Wúràolúwa Náà Ni

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ ju orúkọ kan lọ. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì yóò rò pé olùkọ́ ló burú, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

1. Ọdún kọkànlá nìyí tí Suliat Ọdẹ́túnjí ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ọ̀gá rẹ̀, Alàgbà Ezekiel, fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì sí Palmgrove. Ó sọ fún un pé, "Tó o bá gba dípúlómà kí ọdún tó parí, ìwọ ni máníjà ibẹ̀." Suliat bá forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti ṣíwọ́, á wọlé sí Bàrígà, á dáná, á sì kàwé lórí fóònù. Obìnrin náà mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló kàn mú ju abẹ tí wọ́n fi ń gé bébà lọ.

2. Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ̀wé nípa bí iléeṣẹ́ ṣe lè dín ìfiṣòfò kù. Suliat rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, ó ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé. Ó yọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ó tún un tò, ó fi ránṣẹ́. Àmọ́ orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni gbogbo Ṣómólú fi ń pè é, òun ló sì wà lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ kó tó lọ́kọ: Wúràolúwa Àkànó. Kò rántí kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kan náà ni. Kọ̀ǹpútà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń yẹ iṣẹ́ wò kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá lè gba orúkọ mẹ́fà lọ́jọ́ ìkómọ. Ó ní Suliat jí iṣẹ́ Wúràolúwa.

3. Kúẹ́rì dé lọ́jọ́ Ajé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí kọ́lẹ́ẹ̀jì: kí ó fèsì sí ẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje. Ó dun Suliat wọ eegun.

Rilwan, tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbà á nímọ̀ràn. "Àǹtí Wúrà, ẹ fi ìwé ìbí yín àti ìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ méjèèjì. Ó tán."

"Èmi? Kí n máa ṣàlàyé bí olè?"

"Wọn ò mọ̀ yín o, Àǹtí. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí yín."

"Kí wọ́n wá bi Ṣómólú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ta ni yóò wá bi Ṣómólú?

4. Dípò èsì, ó gba ohùn sílẹ̀ sórí Wasáàpù kíláàsì, ó bú olùkọ́ náà tìyátìyá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rín ránṣẹ́, orí rẹ̀ wú. Ọjọ́ méje kọjá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìdájọ́ dé: òdo nínú iṣẹ́ náà, kó sì lọ jókòó sílé fún ọdún kan.

Ìgbà yẹn lojú ẹ̀ là. Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì pe Sabina, akọ̀wé ìgbìmọ̀.

"Mo gbà yín gbọ́, mà," Sabina sọ. "Ká ní ìwé yìí tètè dé ni, a ò bá kàn ní kẹ́ ẹ kọ òmíràn. Ìgbìmọ̀ dúró de èsì yín, èébú nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ti dájọ́, wọ́n ti túká."

"Mo mọ̀ pé mi ò jalè."

"Ẹ̀yin mọ̀, mà. Ẹ ò sọ fún wa."

5. Ọdún parí. Alàgbà Ezekiel fún Démiládé ní kọ́kọ́rọ́ Palmgrove, Démiládé tí Suliat fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Suliat lọ kí i kú oríire. Nígbà tó délé, ó jókòó sétí ibùsùn tòun ti aṣọ òde lọ́rùn, ó sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀sùn èké máa ń dunni, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́ ló yẹ kó tètè nà án síta kí wọ́n rí i. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ dáhùn, ẹ dáhùn lákòókò, ẹ sì fi ẹ̀rí tì í. Èébú kì í ṣe èsì. Gbogbo ariwo tí Suliat pa yẹn, ìdákẹ́ ni lójú àwọn tó ń dájọ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.