Àpótí Orin Tí Nobue Tò fún Ọkọ Rẹ̀

Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí Kunihiko Tsukahara fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, ìyàwó rẹ̀, Nobue, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Sakai lọ sí Nipponbashi. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun to kọ̀ǹpútà kan tí kò ní í ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa kọrin lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Igarashi tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ewé àlùbọ́sà gígùn yọrí jáde nínú báàgì rẹ̀.

"Ìyáàfin, ta ló fẹ́ lò ó?"

"Ọkọ mi ni. Sídì rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn wọ inú àpótí kan téèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé."

"Háà! Ọkọ yín mà ṣe oríire o. Lọ́jọ́ ìbí tèmi, ìbọ̀sẹ̀ nìyàwó mi rà. Kò tiẹ̀ wọ̀ mí lẹ́sẹ̀."

Nobue rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ́ ìwé pélébé kan sórí káńtà. "Kò gbọdọ̀ ní fáànù nínú. Tó bá gbọ́ 'fùùù' báyìí, ó parí. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni kó máa tẹ̀, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ ìfọṣọ pàápàá. Àmọ́ ohùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáa ju gbogbo èyí tó ti gbọ́ rí lọ."

"Yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí ńkọ́? Ṣó fẹ̀?"

"Kékeré ni. Ẹ fi hẹ́dífóònù gidi mọ́ ọn, ògiri ibẹ̀ fẹ́lẹ́."

Kunihiko kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í mutí yó, kì í lu ènìyàn. Orin ló fẹ́ràn. Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó bá ti jókòó síwájú sípíkà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dín ẹja nínú ilé. Yàrá tó gba oòrùn jù ni àwọn sídì rẹ̀ ń gbé. Chinatsu, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sùn láàárín àwọn àpótí aṣọ títí ó fi lọ sílé ọkọ. Bí Nobue bá lanu, Kunihiko á na ìka kan sókè, a jẹ́ pé kó dákẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó wọlé wá sọ fún un pé Chinatsu ti bímọ, ìka náà wà lókè fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, títí orin fi parí. Ìgbà náà ló bi í pé, "Akọ ni àbí abo?"

Láràárọ̀, bí Kunihiko bá ti gba ọ̀nà báǹkì, Nobue á bẹ̀rẹ̀ sí í ki sídì bọ inú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dà wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé kí wọ́n lè wọ inú àpótí náà tó bá yá, á tún yẹ̀ wọ́n wò bóyá nǹkan kan fò. Ìyáàfin Kuroiwa tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà máa ń wá bá a tẹ orúkọ àwọn orin. Lọ́jọ́ kan, ó rí sídì mẹ́fà lábẹ́ tábìlì, orin ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni gbogbo wọn.

"Ìwọ̀nyí ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn. Má kó wọn sí i."

"Àyè ṣì máa pọ̀ nínú àpótí yẹn o."

"Mo mọ̀. Tiẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀."

Omi lé ròrò lójú Ìyáàfin Kuroiwa. "Irú obìnrin wo nìwọ yìí? O ò tiẹ̀ ro ti ara ẹ rárá!"

Nígbà tí Nobue to àpótí náà tán tó kọ́kọ́ tàn án, kò dún rárá. Ó gbé e padà sí Nipponbashi. Igarashi ṣí i, ó fi ìka kan ike pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀.

"Èyí ò wọlé dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dún 'kẹ́'."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ilé wa, wọn kì í fọwọ́ líle kan nǹkan orin."

"Ìyáàfin, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún "kẹ́". Ó sì rẹ́rìn-ín títí àwọn oníbàárà mìíràn fi yíjú wò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, ó fi àpótí náà pamọ́ sẹ́yìn pẹpẹ ìwé, ó yọ wáyà sípíkà lára ẹ̀rọ sídì, ó sì ki wáyà náà bọ àpótí tirẹ̀. Kunihiko fi sídì sẹ́nu ẹ̀rọ bó ṣe máa ń ṣe. Bó ṣe tẹ bọ́tìnì ni Nobue náà fi fóònù tan orin kan náà nínú àpótí, lábẹ́ épírọ́ọ̀nù. Kunihiko di ojú.

"Gbọ́ ọ! Ṣó o gbọ́ bí ẹni tó ń fun fèrè yẹn ṣe ń mí? Aṣọ sílíìkì ni mo fi nu sídì yìí láàárọ̀. Kí wọ́n máa wá sọ pé kọ̀ǹpútà ń kọrin! Kọ̀ǹpútà wo ló lè ṣe èyí?"

"Kò sí o, Bàbá Chinatsu."

Ní ìparí oṣù kẹta, Kunihiko fẹ̀yìn tì, ó gbé òdòdó táwọn ará báǹkì fún un wálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ, Nobue gbé àpótí dúdú náà síwájú rẹ̀, ó ti fi aṣọ aláró di í, ó ta kókó rẹ̀ sókè kó lè ṣeé fà lọ́wọ́. Ó sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó sọ ti ọjọ́ Sunday yẹn pẹ̀lú.

Kunihiko tú aṣọ náà, ó tẹ bọ́tìnì, ó gbọ́ orin kan tán, ó gbọ́ ìkejì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Chinatsu, látọjọ́ yìí mi ò ṣe nǹkan kan fún ẹ rí. Kí lo fẹ́? Dárúkọ ẹ̀. Ohunkóhun."

Nobue bu tíì sí i ní ife, ó rọra ti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tó ti tẹ òǹtẹ̀ orúkọ tirẹ̀ sí síwájú rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá kékeré kan tó ti háyà fún ọkọ rẹ̀ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lé e lórí, ó ní, "Bàbá Chinatsu, ẹ bá mi tẹ òǹtẹ̀ tiyín síbẹ̀ kí tíì yín tó tutù."