Iyọ̀ Inú Òpó

Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọ Bàbá Bíríkìlà ò fi mọ ọ̀nà ilé mọ́, kí iṣẹ́ tó gbé e wá. Òun nìkan ni bàbá bí, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Bàbá ò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan míì ju kó máa rí i lọ.

Bàbá ti fi ogójì ọdún po kọnkéré. Òun làwọn ọ̀gá máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí kò ní gbàgbé àtibomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí á fi le. Ọmọ rẹ̀ kì í po kọnkéré ní tirẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ilé méjì ló yàn tó fẹ́ fi wéra: ilé bàbá rẹ̀ létí òkun, àti ilé bàbá ìyàwó rẹ̀ lórí òkè, níbi tó jẹ́ pé omi òjò nìkan ni ògiri ń mu. Ó fi ẹ̀rọ lu ihò sí òpó iwájú ilé bàbá rẹ̀, ó gba ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ike. Kò tiẹ̀ jókòó.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Iyọ̀ ni mò ń wá, Bàbá. Kọnkéré ń mu omi bí èèyàn ni. Tí iyọ̀ bá bá omi wọlé títí tó fi kan irin inú, irin á dógùn-ún, ilé á wó.”

“Ó ti wọlé?”

“Díẹ̀ ni. Bó ṣe ń lọ yìí, á gba ogún ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni màá máa wá.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré?”

“Kí ni màá tún máa wá wò?”

Inú bàbá bàjẹ́, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. “Kò burú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.”

Lọ́dún kejì, ọmọ náà lu òpó, ó lọ. Ọjọ́ kẹta ló pè. “Bàbá, iyọ̀ yẹn ti di ìlọ́po mẹ́rin! Mi ò lè dúró dọdún mọ́ o. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni màá máa wá.”

Bàbá lọ ra àga tuntun.

Ara bàbá wá yá gágá. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, etí òkun ló ti ń bọ̀. Aránṣọ tó wà lódìkejì títì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá, ojoojúmọ́ ni korobá yín ń lọ sókun, ẹ ò mú ẹja kan bọ̀ rí. Àbí opó kan lẹ ń lọ kí níbẹ̀?”

“Ẹja ló ń rí ojú mi sá. Jọ̀ọ́, ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la.”

Ọmọ náà ti ń jókòó báyìí. Ó ń mu tíì, ó ń sọ̀rọ̀ eyín ọmọ rẹ̀ tó yọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sùn lọ lórí àga náà, bàbá sì ń bá a lé eṣinṣin lójú títí ó fi jí. Òpó ti ń sán lẹ́sẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá kò dí i.

“Ìsàlẹ̀ nìkan ni iyọ̀ ti pọ̀,” ni ọmọ wí. “Òkè gbẹ.”

“Ilẹ̀ lomi ń gbà wọlé,” ni bàbá dá a lóhùn.

Lọ́dún kẹta, ọmọ náà lu òpó, ó wo ìyẹ̀fun náà, ó pariwo. “Ó ti kan irin! Áà, Bàbá, wọ́n á sọ mí dọ̀gá nítorí òpó yìí!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ẹ̀rọ rẹ̀.

“O ṣeun, ọmọ mi. Ó doṣù mẹ́ta nìyẹn?”

“Kí ni màá tún wá ṣe? Tibí ti parí. Ti bàbá ìyàwó mi ló kù. Ìyẹn ń rọra mu omi òjò tirẹ̀ ni, á tó ogójì ọdún kó tó kan irin. A tiẹ̀ ti ń kó lọ sítòsí wọn.”

“Ilé yìí ńkọ́?”

“Wọ́n á wó o. Wọ́n á wá ibì kan fún yín.”

Ó fọwọ́ gbá òpó náà pẹ́pẹ́, ó wọ mọ́tò.

Nígbà tí ìró mọ́tò náà ò dún mọ́, Bàbá Bíríkìlà fa korobá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iyọ̀ ti gbẹ funfun yí etí rẹ̀ ká, ó sì lọ da omi òkun tó pọn fún òpó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn sí gọ́tà.