Òkúta Inú Kànga

Inú ti ń bí Dókítà Festus Ọbayẹmí kó tó ka ojú ìwé kejì tán. Nígbà tó fi máa dé ojú ìwé kẹrin, ó ti dìde lórí àga.

Àlàájà Gàníyátù ló fi iṣẹ́ ìwádìí tó ń kà náà ránṣẹ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Àlàájà, òun sì ni olórí ẹ̀ka wọn ní yunifásítì kó tó lọ sí iléeṣẹ́ ìwádìí. Ìwé àtìgbàdégbà kan lókè òkun ló ní kó bá àwọn yẹ iṣẹ́ náà wò, bóyá ó tó tẹ̀ jáde. Wọ́n ti yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Àlàájà ń kó ẹrù lọ sílé tuntun ní Jahi nílùú Àbújá, kò ráyè.

"Ọbayẹmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á," ló wí lórí fóònù. "Ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni màá fi orúkọ mi sí."

Bí wọ́n ti máa ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá á gba iṣẹ́, ẹni ẹ̀yìn á ṣe é. Ọbayẹmí ti ṣe irú rẹ̀ tó ìgbà méje, kò sì ráhùn rí.

Ọ̀rọ̀ ihò dúdú ojú sánmà ló wà nínú ìwé náà, èyí tí wọ́n ní ohunkóhun tó bá ti kọjá ẹnu rẹ̀, ó lọ nìyẹn, títí kan ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní bóyá àwọn kan kò lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n kàn jọ ihò ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ láì wọ ibẹ̀? Ìṣirò kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá la lè kà lára ògiri rẹ̀. Ká dúró sídìí ògiri, ká ké sínú, ká tẹ́tí. Bó bá jẹ́ ihò dúdú gidi, igbe náà á kú síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, á padà wá bá ẹni tó ké e, ó kàn lè pẹ́ ni. "Bí òkúta tí a jù sínú kànga tó jìn," ni ìwé náà wí. "Má tíì sọ pé kò nísàlẹ̀. Dúró ná."

Kànga! Kànga ta ni? Kànga ẹ̀yìnkùlé ìyá Ọbayẹmí ní Ìṣànlú ni! Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ṣe ìṣirò yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ ewé kan, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, tí kò fi ránṣẹ́ síbì kankan nítorí kò tíì dá a lójú. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún, ní ibùdókọ̀ ojú irin Idu, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Kàdúná pẹ́. Ọláníyan lẹni náà, ọmọ tó kọ́ láti ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì títí tó fi di olùkọ́ bíi tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún Ọbayẹmí lóṣù kẹta, Ọláníyan yìí kan náà ló wá sílé ní Durumi, tó ní kí Àìná, ìyàwó rẹ̀, yá òun ní ìwé aláwọ̀ ewé náà.

"Ó tún bi mí pé kí ni N tó wà láàárín orúkọ yín," Àìná sọ fún un nígbà náà. "Mo ní Nehemiah ni."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá Shalom, mi ò bi í o. Bóyá wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Àdúrà kọ́, olè ni! Ọdún 2018 nìyí. Ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga máa jókòó lóṣù kọkànlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti fo Ọbayẹmí. Lọ́dún tó ń bọ̀, á fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ kan péré nínú ìwé àtìgbàdégbà ńlá ló kù kó di ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì ní. Bó bá jáde lórúkọ ẹlòmíràn, ó parí.

Ó pàdé Ọláníyan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ẹ káàsán, sà. Ọ̀gá mi, ẹ bá mi gbàdúrà o. Ìròyìn kan wà tí mò ń retí. Bó bá dé, ilé yín la ti máa jẹun."

Ilé ta ni? Kai! Ojú kò ti ọmọ yìí rárá. Ọbayẹmí rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn sí i.

"Á dé," ló wí.

Ó wọ ọ́fíìsì, ó tìlẹ̀kùn. Bó bá kọ ọ́ pé wọ́n jí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ọbayẹmí, àṣírí á tú pé kì í ṣe Àlàájà ló kà á. Nítorí náà ó gba ọ̀nà mìíràn. Ó mọ̀ pé ìṣirò náà tọ́ látòkè délẹ̀. Ẹni tó tún un kọ tiẹ̀ ti tú ibì kan tó há òun lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Ó kọ ọ́ pé kò tọ́. Ó kọ ọ́ pé igbe tí wọ́n ní ó ń padà wá kò sí níbì kankan àfi nínú orí ẹni tó kọ ọ́. Ó tún fi kún un pé kí wọ́n má gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni yìí mọ́ láéláé. Àlàájà fi orúkọ sí i láì kà á.

Ní Sátidé kan lóṣù kẹwàá, Ọláníyan wá sí Durumi pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́. Kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì pálọ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ foríjì mí. Wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí n tó fi ránṣẹ́."

Ọbayẹmí kò ní kó dìde. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," ló wí. "Aláìmoore! Mo kọ́ ọ, mo gbé ọ ga, èmi náà lo wá bù jẹ. Kó dùn ọ́ dé egungun!"

Àìná sáré jáde láti kíṣìnnì. "Bàbá Shalom! Kí ló dé?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi, mà," Ọláníyan wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó na bébà náà sókè. Ọbayẹmí já a gbà kó lè ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní àkàgbádùn.

Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀, títí dórí pé wọn kò ní gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ onítọ̀hún mọ́ láéláé, àti lókè lẹ́tà náà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ sí, orúkọ kan ṣoṣo ló wà: Festus Nehemiah Ọbayẹmí.