Ìrànwọ́ Tí Ọba Erin Ṣe fún Ẹ̀gà

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi, kí ẹ sì bá mi gbè é. Ẹ̀gà ló dá lé.

Ọba Erin fẹ́ kí ìlú rẹ̀ gbèrú, ó ní òun yóò fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké ní imọ̀ ọ̀pẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gà, tí ń hun ìtẹ́ tà fún àwọn ẹyẹ, lọ tọrọ tirẹ̀. Ìgbín, akọ̀wé ààfin, ní kí ó kọ́kọ́ mú ìtẹ́ kan wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtẹ́ kan ṣoṣo tí ó kù ni èyí tí ẹ̀gà yé ẹyin sí. Ó kó ẹyin sórí ewé nílẹ̀ lábẹ́ igi, ó já ìtẹ́ náà lọ sí ààfin. Ìgbín ń wò ó ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gà dárin:

Ìgbín, òjò ń ṣú bọ̀.
*Jẹ́jẹ́.*
Ẹyin mi wà níta.
*Jẹ́jẹ́.*
Bàbá, ẹ bá mi yára.
*Jẹ́jẹ́.*

Òjò rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìgbín gbójú sókè. Ó ní, "Iṣẹ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n àgbáǹréré, àna ọba, ti kó gbogbo imọ̀ náà lọ."

Ẹ̀gà bi í pé, "Kí ló fi hun?"

"Kò hun nǹkan kan. Ó jẹ ẹ́ ni."

Nígbà tí ẹ̀gà délé, àgbàrá ti gbé ẹyin lọ. Akéde ọba ń kọjá lábẹ́ igi, ó ń kéde pé ìrànwọ́ ti kárí.