Ẹni Tí Kò Sí Lára Pátákó

Ní Ìrágbìjí, ìlú tí òkè yí ká, ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé. Adétutù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ mi, aláàánú èèyàn ni. Àmọ́ ó ní àléébù kan: bó bá ti gbà pé òun mọ ìdí ọ̀rọ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn parí tirẹ̀.

Ó ti wẹ ojú egbò fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọkọ wọn lù bí ẹni lu bàrà. Ìdí nìyẹn tó fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, láti máa kìlọ̀ fún ará ìlú pé lílù kò sí nínú ìfẹ́. Ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ọgbà rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ń lù nílé. Wọ́n wá fẹ́ gbé pátákó ńlá kan sí oríta, wọ́n sì pe Làmídì tó ń kọ pátákó wá sí ìpàdé.

Màmá Nọ́ọ̀sì ní, "Ya ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó na ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ya obìnrin tó ká jọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ń sunkún. Kó o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, 'Ọkùnrin, má lu ìyàwó rẹ mọ́.'"

Làmídì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, tó bá wá jẹ́ pé ìyàwó ló ń lu ọkọ ńkọ́? Ṣé a ò lè..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn fi bú sẹ́rìn-ín. Màmá Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Làmídì, ọkùnrin tí obìnrin ń lù, ṣé ọkùnrin náà nìyẹn? Lọ ya ohun tí mo ní kó o yà."

Làmídì bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Nígbà tó ya pátákó náà tán, gbogbo ìlú yìn ín.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá Nọ́ọ̀sì sí ilé ìwòsàn pé kó wá bá wọn tọ́jú ẹnì kan tí omi gbígbóná jó. Làmídì ló bá níbẹ̀ tó dojú bolẹ̀, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó láti ọrùn dé ìbàdí. Ó ti sọ fún wọn pé òun lòun da ìkòkò nù sí ara òun. Ṣùgbọ́n Màmá ti fi ọgbọ̀n ọdún wo egbò. Ó mọ̀ pé èèyàn kì í da omi sí ẹ̀yìn ara rẹ̀ báyẹn. Ó ní kí àwọn yòókù bọ́ síta, ó jókòó síbi orí rẹ̀.

"Ta ló da omi yìí sí ọ lára?"

Làmídì ní, "Ìyàwó mi ni, Mà. Ó ti ń lù mí láti ìgbà tá a ti bí ọmọ wa kejì. Tí mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní òun á pariwo pé mò ń lu òun. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, Mà. Ẹ rẹ́rìn-ín."

 Màmá Nọ́ọ̀sì mú òwú, ó ń nu egbò náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó parí, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó lè bí.

Ó pe ẹgbẹ́ jọ, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà fún wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Tìámíyù, tíṣà kan láàárín wọn, kọ̀ jálẹ̀. "Màmá, nínú ẹni mẹ́wàá tó ń wá síbí, mẹ́sàn-án ni obìnrin. Ṣé ká wá pa tiwọn tì nítorí ẹnì kan?"

"Rárá o. Obìnrin ni ìyà yìí ń jẹ jù, a ò sì ní fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó kù yẹn, ṣé ká lé e padà sínú iná ni?"

Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi kan àtàrí. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́. Làmídì ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì ti dé iwájú ẹbí àti ọlọ́pàá. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, òun fúnra rẹ̀ ló kọ pátákó tuntun náà: "Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń lù nílé, wá. A ó gbọ́ ọ."

Kò pé oṣù kan tí Àlàájà Ṣìkírátù fi wọlé wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Obìnrin yìí ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin, àwọn awakọ̀ a sì máa gbọ̀n níwájú rẹ̀. Ó ṣí ìbòrí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan ti wú.

"Ọdún mẹ́fà ni ọkọ mi ti ń lù mí," ló wí. "Mo máa ń wo obìnrin tó ká jọ sílẹ̀ lára pátákó yín àtijọ́, mo máa ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe èmi nìyẹn. Èmi kì í sunkún. Mo rò pé kì í ṣe irú mi lẹ ń dúró dè."

Màmá Nọ́ọ̀sì fa àga fún un. Ó jókòó tì í, kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ya àwòrán ẹni tí ìyà ń jẹ sọ́kàn kẹ́ ẹ tó rí i. Ọkùnrin ń jìyà, obìnrin tó le bí òkúta náà ń jìyà. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà wọn, kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó wá fi ẹ̀rín dá ẹjọ́, òun kò tilẹ̀ gbọ́ tẹnì kankan.