Iná Tí Kò Dé Yàrá Ìyá

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá láyé, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà. Bí inú bá bí yín, ẹ jẹ́ kó bí yín dáadáa.

1.
Ní ọdún 1984, Philippe, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Atakpamé, ti ilẹ̀ Faransé dé, níbi tí wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ kan tó ń tan iná ilé ló gbé bọ̀. Àpótí kékeré ni, ọ̀kan wà lórí tábìlì ní pálọ̀, ọ̀kan sì wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ̀ ẹ́, àpótí náà á rán iṣẹ́ gba inú wáyà iná lọ sí yàrá tó bá fẹ́, gílóòbù ibẹ̀ á sì tàn. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Philippe wá ń rìn bí ẹni pé òun ló dá oòrùn.

Kí ló tún ṣe? Ó yọ gbogbo bọ́tìnnì iná tó wà lára ògiri, ó fi sìmẹ́ǹtì dí ojú wọn. Ó ní ará oko ló ń fọwọ́ wá ògiri kó tó ríran.

Julienne, ìyàwó rẹ̀, bi í pé, "Bàbá Céline, bí ẹ̀rọ yìí bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ òyìnbó kì í kọ̀."

2.
Ó kọ̀. Kò kọ̀ ní pálọ̀ o, kò kọ̀ ní yàrá Philippe. Yàrá ẹ̀yìn ló ti kọ̀, níbi tí ìyá tó bí Philippe ń gbé. Élisabeth lorúkọ ìyá náà. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Àpótí tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Á tẹ̀ ẹ́ títí, gílóòbù á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á kú. Julienne fún un ní àtùpà. Philippe rí i, ó sọ ọ́ nù, ó ní èéfín rẹ̀ ń ba ọ̀dà ilé òun jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Philippe jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbé àpótí síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó yọ wáyà rédíò, iná ìyá kò tàn. Ó wá yọ wáyà fírígò. Gílóòbù ìyá tàn yòò!

Ìyá kígbe ayọ̀: "Philippe ọmọ mi, mo rí ọwọ́ ara mi!"

Philippe ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀: "Wáyà kan náà ni fírígò àti yàrá Ìyá jọ ń lò. Fírígò ń jẹ iṣẹ́ tí àpótí ń rán. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá, agbára rẹ̀ ti tán."

Ẹ gbọ́ o! Ó mọ ohun tó fà á.

Julienne bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jẹ́ ká pe oníná kó dá bọ́tìnnì kan ṣoṣo padà sí yàrá Ìyá."

"Kí àlejò wá rí i, kí wọ́n ní ẹ̀rọ mi ò dáa?" Ó pòṣé, ó ki wáyà fírígò padà. "Bíà mi á gbóná. Ìwé wo ni Ìyá fẹ́ fi iná kà?"

Julienne padà lọ jókòó ti ìyá nínú òkùnkùn.

3.
Ọjọ́ tí Céline ọmọ wọn gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlejò dé láti Notsé àti Lomé. Ọ̀gá Philippe gan-an wá. Ní ọ̀sán, òjò ṣú, ilé ṣókùnkùn. Philippe ń tan iná, ó ń pa á, àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́. Láti ẹ̀yìn, ìyá ń pè: "Philippe! Iná o!"

Julienne sáré wọ pálọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fírígò díẹ̀. Ìyá wà nínú òkùnkùn."

"Kí bíà gbóná lójú ọ̀gá mi? Sọ fún un kó jókòó!"

Julienne yí padà láti lọ bá ìyá. Kò tíì dé ọ̀nà yàrá tó fi gbọ́ gbì! Ìyá ti jáde, ó ń fọwọ́ wá bọ́tìnnì lára ògiri, sìmẹ́ǹtì lásán lọwọ́ rẹ̀ bà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́.

Julienne padà sí pálọ̀, ó fa wáyà fírígò tu. "Ẹ máa mu ún o! Bíà tí ẹ ń mu yìí, egungun ìyá tó bí ọkọ mi la fi mú un tutù!"

Ọ̀gá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde sínú òjò.

4.
Ìyá ò tún fẹsẹ̀ rìn mọ́. Philippe kúnlẹ̀ ní ilé ìwòsàn: "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé ta ni? Èmi ò ní ilé lọ́dọ̀ rẹ."

Lucie, àbúrò Philippe, gbé e lọ sí Datcha. Julienne kó àwọn ọmọ, ó tẹ̀ lé wọn láti tọ́jú ìyá. Iṣu tuntun ò tíì jáde tí ìyá fi kú. Nígbà tí Philippe dé, Lucie dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé.

"Nígbà tó ń pè ọ́, o ò jẹ́. Ta lo wá jẹ́ fún báyìí?"

Àwọn àgbà ìdílé gbà fún Lucie. Ìta ni Philippe jókòó sí títí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀. Julienne ò padà sílé rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ọmọ, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi ìtura òbí yín ra ìyìn àlejò! Bí ẹ bá ti mọ ohun tó ń ni wọ́n lára, tí apá yín sì ká a, tí ẹ ò ṣe é, ìkà lẹ ṣe, ẹ má pè é ní àṣìṣe. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.